Bí a ṣe ń fi èdè kọ̀ǹpútà kan wé òmíràn: ẹ fi ìwé alájọ dán wọn wò

"Ẹ̀gbọ́n, èdè wo ló dáa jù kí n kọ́?" Ìbéèrè tí àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ mi ní Tankẹ, nílùú Ìlọrin, máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyí. Èdè kọ̀ǹpútà, èyí tí a fi ń kọ ètò tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ohun tó máa ṣe, ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀kan ti gbọ́ pé Python ló ń mówó wọlé. Òmíràn gbọ́ pé Rust ni àwọn ọ̀gá ń lò, pé kóun má fàkókò ṣòfò sórí ohun mìíràn. Wọ́n á kọ́ ọ̀kan fún oṣù mẹ́ta, wọ́n á pa á tì, wọ́n á tún lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti A. Ó máa ń dùn mí gan-an, nítorí mo mọ iye dátà tí wọ́n ra, mo sì mọ bí wọ́n ṣe rí owó rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fi "èyí tó dáa jù" sílẹ̀ ná. Ẹ mú iṣẹ́ kékeré kan, ẹ gbé e fún èdè méjì, kí ẹ wá bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan náà. Iṣẹ́ tí mo yàn láti fi ṣe é ni ìwé alájọ. Ọ̀sán kan tó láti kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni owó wà nínú rẹ̀, orúkọ èèyàn àti orúkọ ìlú wà nínú rẹ̀, ẹni tí kò san wà nínú rẹ̀. Ibi tí àwọn èdè kọ̀ǹpútà ti ń yapa síra ò ju ibẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ kọ iṣẹ́ náà sínú ìwé ní Yorùbá

Ká ní ìyá alájọ kan ń gba owó lọ́wọ́ ogójì èèyàn ní Ọjà Ọba. Oníkálukú ló ní iye tó ń dá lójúmọ́: ẹnìkan ń dá ₦500, ẹlòmíràn ń dá ₦2,000. Tí oṣù bá parí, ìyá á yọ owó ọjọ́ kan fún làálàá ara rẹ̀, á kó ìyókù fún olówó. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

Gba orúkọ, ìlú, iye tó ń dá lójúmọ́ àti iye ọjọ́ tó san.
Bí kò bá san rárá, kọ "kò dá nǹkan kan".
Bí ó bá san, yọ ọjọ́ kan, fi iye tó ń dá sọ ìyókù di púpọ̀.
Ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí ogójì èèyàn á fi tán.
Ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀: a fún nǹkan lórúkọ, a yan ọ̀nà kan nínú méjì, a ṣe ohun kan léraléra. Láti FORTRAN tí IBM gbé jáde ní 1957 dé Rust tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2015, gbogbo wọn ló ní bí wọ́n ṣe ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá mọ ìyẹn kò tún ní máa bẹ̀rẹ̀ láti A. Ohun tó kù fún un láti wádìí ni ohun tí èdè tuntun náà máa gbà fún un, àti ohun tí kò ní gbà.

Ìgbésẹ̀ kejì: nígbà wo ni màá gbọ́ nípa àṣìṣe mi?

Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Python, kò gbọ́ Java. Òdo àti ení nìkan ló gbọ́, nítorí náà ẹnìkan gbọ́dọ̀ túmọ̀ fún un. Oríṣi ìtumọ̀ méjì ló wà, ẹ sì ti rí méjèèjì rí. Níbi wáàsí tí àlejò ti ń sọ̀rọ̀ ní èdè Lárúbáwá, ògbufọ̀ máa ń dúró tì í, á máa tú u bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń túmọ̀ ìwé máa ń gbé e lọ sílé, á kà á láti páálí dé páálí, tí ojú ewé kan bá sì ta kókó, á dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

C, Go àti Rust ń lo irú kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní compiler. Python sún mọ́ irú kìn-ín-ní. Mo ní ó sún mọ́ ọn, torí pé Python náà máa ń kọ́kọ́ sọ kóòdù yín, ìyẹn ohun tí ẹ kọ, di nǹkan mìíràn nínú ara rẹ̀ kó tó ṣe é. Java ń ṣe ìdajì sílé, ìdajì sójú agbo. Àwọn ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì sì ń túmọ̀ JavaScript bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Àríyànjiyàn lórí èwo ni èwo kò ní tán láéláé. Ẹ kàn dán èyí wò ní Python, níbi tí ojo ti dúró fún iye ọjọ́ tí ẹnìkan san, tí oruko sì dúró fún orúkọ rẹ̀:

if ojo == 0:
    print(oruk, "kò dá nǹkan kan")

Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ oruk dípò oruko. Python á gbà á. Á ṣe ìṣirò ogójì èèyàn lóṣù yìí, á ṣe é lóṣù tó ń bọ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí ẹnìkan kò bá san rárá ni ètò náà máa kú, lójú ìyá alájọ, lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Tí ẹ bá ṣe irú àṣìṣe yẹn nínú Go, kò ní jẹ́ kí ẹ jókòó kí ẹ tó gbọ́.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn iṣẹ́ náà. Ohun tí compiler Go bá gbé jáde, ẹ lè kó o sórí fláàṣì, kí ẹ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà ìyá alájọ, kó sì ṣiṣẹ́ láìfi nǹkan mìíràn sí i, tí irú kọ̀ǹpútà tí ẹ ṣe é fún bá ti bára mu. Ti Python, ẹ gbọ́dọ̀ gbé Python fúnra rẹ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ló máa ṣe tí mo bá da ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ nọ́ńbà?

Ohun tí èèyàn bá tẹ̀ sórí fóònù máa ń wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kì í wọlé gẹ́gẹ́ bí iye. "5000" tí ó wà láàárín àmì ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí 5000. Ẹ ro "5000" pọ̀ mọ́ 500, kí ẹ wo ohun tí ẹ máa rí:

JavaScript á so wọ́n pọ̀, á ní "5000500".
PHP á ro wọ́n, á ní 5500.
Python á dúró, á pariwo pé irú wọn kò bára mu.
Go kò ní jẹ́ kí ètò náà bẹ̀rẹ̀ rárá.
Java á so wọ́n pọ̀ bíi ti JavaScript, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé nọ́ńbà ni èsì náà gbọ́dọ̀ jẹ́, á kọ̀.

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ló di mílíọ̀nù márùn-ún yẹn lọ́wọ́ JavaScript, láìsí ìkìlọ̀. Tí ẹ bá wá yọ 500 kúrò nínú "5000", JavaScript kan náà á ní 4500. Lójú àmì ìyọkúrò, nọ́ńbà ni. Lójú àmì ìrópọ̀, ọ̀rọ̀ ni.

Ibí ni mo ti máa ń rí i tí ọ̀pọ̀ àlàyé ń dojú rú, nítorí ìbéèrè méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ra. Ìkíní: nígbà wo ni èdè náà ń yẹ irú nǹkan wò, kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ ni àbí nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́? Ìkejì: báwo ló ṣe le tó tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò? Python máa ń pẹ́ kó tó wò, ṣùgbọ́n ó le. C máa ń tètè wò, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ̀: tí ẹ bá ro lẹ́tà 'A' pọ̀ mọ́ 1 nínú C, á fún yín ní 66, kò ní bínú. Ẹ kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún gbogbo èdè tí ẹ bá bá pàdé.

Tí ìwà èdè kan bá yà yín lẹ́nu, ẹ bi í pé ibo ni wọ́n ti bí i. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní 1995 ni Brendan Eich ṣe JavaScript ní Netscape, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ mẹ́wàá ló fi kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́, fún iṣẹ́ kéékèèké nínú ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ìwé tó ń bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú àṣìṣe ni wọ́n fẹ́, ju èyí tó dákú lójú olùkà. Dennis Ritchie ṣe C ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1972, láti fi kọ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, Unix. Ó gbà pé ẹni tó ń lò ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ̀yin ló kù láti wò ó bóyá iṣẹ́ yín jọ iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ bí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣé mo lè fi owó lé e lọ́wọ́?

Ẹ ṣí Python tàbí JavaScript, kí ẹ ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2. Ẹ máa rí 0.30000000000000004. Kọ̀ǹpútà yín kò bàjẹ́. Ní òdo àti ení, ìdá kan nínú mẹ́wàá kò ní òpin, bí ìdá kan nínú mẹ́ta kò ṣe ní òpin lọ́dọ̀ tiwa, nítorí náà ó gé e síbì kan. Fún ìṣirò ojú ọjọ́, kò burú. Fún owó olówó, ó burú.

Òfin mi ni pé kí ẹ ka owó ní kọ́bọ̀, ní nọ́ńbà odidi, títí ìṣirò á fi parí. COBOL, tó ti wà láti 1959, ti ní nọ́ńbà onídẹ́símà fún owó láti ìbẹ̀rẹ̀; Python ní Decimal, Java ní BigDecimal. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ yá.

Àmọ́ kọ́bọ̀ náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Nọ́ńbà tí Java ń pè ní int kò lè kọjá 2,147,483,647. Tí ó bá jẹ́ kọ́bọ̀ ni, ₦21,474,836.47 nìyẹn. Àjọ ogójì èèyàn lè má dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́ á dé ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ọjọ́ tó bá fi kọ́bọ̀ kan kọjá rẹ̀, Java á yí padà sí òǹkà òdì láìsọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ tó lówó á wá dàbí ẹni tó jẹ gbèsè. Ẹ lo long, irú nọ́ńbà Java tó gbòòrò ju int lọ. Rust á dúró tí ẹ bá ń dán ètò wò, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dà tí ẹ kó jáde fún lílò, òun náà máa ń yí padà, àyàfi tí ẹ bá ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà odidi Python máa ń gbòòrò bí ẹ ṣe fẹ́. JavaScript kò dájú mọ́ tó bá ti kọjá 9,007,199,254,740,991, ìyẹn sì pọ̀ fún alájọ èyíkéyìí ní Kwara.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ "Ọ̀fà", kí ẹ ní kó ka lẹ́tà rẹ̀

Ìdánwò yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé àwa tí a ń kọ Yorùbá la máa ń jìyà rẹ̀, àwọn tó ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kì í sì í rántí wa. Bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá ka Ọ̀fà, á ní lẹ́tà mẹ́ta: Ọ̀, f, à. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ àwọn èdè wọ̀nyí, pẹ̀lú àṣẹ tí kálukú fi ń ka gígùn ọ̀rọ̀:

Swift, pẹ̀lú count: 3
Python, pẹ̀lú len: 4
JavaScript àti Java, pẹ̀lú length: 4
Go àti Rust pẹ̀lú len, PHP pẹ̀lú strlen: 8

Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Nínú Unicode, ìwé tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, "à" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "Ọ" náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ tó ní àmì ohùn lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àmì ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Python fi ka mẹ́rin. Tí a bá wá kó o pa mọ́ sínú fáìlì ní UTF-8, ọ̀nà kan tí a ń gbà sọ nọ́ńbà lẹ́tà di báìtì (ẹyọ ààyè kékeré inú kọ̀ǹpútà), Ọ gba báìtì mẹ́ta, àmì ohùn gba méjì, f gba ọ̀kan, à gba méjì. Mẹ́jọ tí Go rí nìyẹn. Swift ka ohun tí ojú rí. Nítorí náà, ẹ má bi èdè kan pé "ṣé ó ń gba Yorùbá?" Gbogbo wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi í pé kí ni ó ń kà.

Ohun tó tún le ni pé fóònù kan lè fi Ọ ránṣẹ́ bí ẹyọ kan, kí òmíràn fi O lásán ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, kí ó tún ya à sí a àti àmì ohùn rẹ̀. Ọ̀fà kejì yìí, Python á kà á sí mẹ́fà. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá béèrè bóyá wọ́n dọ́gba, Python á ní rárá, JavaScript á ní rárá, Swift nìkan nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́. Nínú ìwé alájọ, èèyàn kan ṣoṣo á wá di méjì, ìdajì owó rẹ̀ níbí, ìdajì lọ́hùn-ún. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di oríṣi kan kó tó wọ ìwé. NFC ni orúkọ oríṣi tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe:

Python: unicodedata.normalize("NFC", ilu)
JavaScript: ilu.normalize("NFC")

Ẹ tún ní kó to orúkọ ìlú ní A, B, D. Tí ẹ kò bá ṣe àlàyé fún un, ọ̀pọ̀ èdè á to Ọ̀fà àti Ọ̀mù-Àrán sẹ́yìn Zaria, torí nọ́ńbà lẹ́tà ni wọ́n ń wò. Ẹ sì gbìyànjú láti fi ẹgbẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ṣe orúkọ nǹkan nínú kóòdù: Python á gbà á, Go á kọ̀ ọ́ nítorí àmì òkè yẹn. Lóòótọ́, ohun kékeré ni. Síbẹ̀, mo ti rí ojú ọmọ tó kọ́kọ́ rí i pé kọ̀ǹpútà gba orúkọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é, n kò ka ìyẹn sí kékeré.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ibi tó ṣófo, àti abọ́ tí a jẹun tán

Ẹnìkan nínú ogójì yẹn kò ní fóònù. Kí lẹ máa kọ síbẹ̀? Ní 1965 ni Tony Hoare, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, fi null, àmì ibi òfìfo, sínú ALGOL W, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan. Ní 2009 òun fúnra rẹ̀ pè é ní àṣìṣe tó ná ayé ní bílíọ̀nù dọ́là. Nínú Java, ẹ lè gbàgbé pé ibì kan ṣófo títí ètò á fi ṣubú. Kotlin àti Rust á fipá mú yín sọ ohun tí ẹ máa ṣe tí ó bá ṣófo. Mo gba ti Kotlin.

Ní ti ààyè inú kọ̀ǹpútà, ibi tí ètò ń kó nǹkan sí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ ronú nípa abọ́ níbi ìnáwó. Lọ́dọ̀ C, kálukú ló máa fọ abọ́ tó fi jẹun: ẹni tó bá gbàgbé, abọ́ á tán nílẹ̀, ẹni tó bá kánjú, á gba abọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣì ń jẹun. Java, Go, Python àti JavaScript ní àwọn tó ń rìn káàkiri kó abọ́ tí kò sẹ́ni tó ń fi jẹun mọ́. Ó tuni lára, ṣùgbọ́n nígbà míì iṣẹ́ á dúró díẹ̀ kí wọ́n lè kọjá. Rust sọ pé abọ́ kọ̀ọ̀kan ní olúwa kan ṣoṣo, tí olúwa rẹ̀ bá lọ, abọ́ náà lọ, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sì ti ń yẹ ìyẹn wò kí ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Rust fi ń pẹ́ kọ́.

Ẹ máa gbọ́ pé C yára ju Python lọ fíìfíì. Òótọ́ ni, fún iṣẹ́ tó bá jẹ́ ìṣirò gbáà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣẹ́jú, Python ti ro owó ogójì èèyàn tán. Ẹ má fi ìyára yan èdè fún iṣẹ́ tí kò nílò ìyára.

Ìgbésẹ̀ keje: ibo ló máa ṣiṣẹ́, ta ni mo sì lè bi?

Nígbà míì, ibi tí iṣẹ́ máa jókòó ti yan èdè fún yín. Nínú ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, JavaScript lẹ máa bá pàdé bó pẹ́ bó yá. Fún fóònù Android, Kotlin, tí Google ti tì lẹ́yìn láti 2017. Fún iPhone, Swift. Ẹni tí kò ní láptọ́ọ̀pù lè fi áàpù tí wọ́n ń pè ní Termux sórí Android, kó sì kọ Python tàbí C níbẹ̀. Ẹ sì wò ó bóyá ẹ lè gba ìwé àlàyé èdè náà sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ ní dátà, kí ẹ lè máa kà á lọ́jọ́ tí kò sí. Ti Python ṣeé gbà sílẹ̀ lódindi.

Mo tún ń wo aládùúgbò. Tí ẹnìkan bá wà ní yàrá kejì tàbí ní kíláàsì yín, ní Yunifásítì Ìlọrin ni o tàbí ní Pólì Ọ̀fà, tó mọ PHP dunjú, PHP yẹn á gbé yín débi tí Rust tí ẹ dá nìkan kọ́ lórí fídíò kò ní gbé yín dé láàárín oṣù mẹ́fà. Àwọn kan á bá mi jiyàn lórí èyí. Ohun tí mo ti rí pẹ̀lú àwọn ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni mo sọ.

Bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ lónìí

Ẹ fa ìlà sínú ìwé, èdè méjì lókè, ìbéèrè lápá òsì: ìgbà tí àṣìṣe ń hàn, "5000" pẹ̀lú 500, 0.1 pẹ̀lú 0.2, Ọ̀fà, ibi òfìfo, abọ́, ibi tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tí mo lè bi. Ẹ má kọ ohun tí ẹ kà níbì kan síbẹ̀, kódà kó jẹ́ èyí tí ẹ kà lọ́dọ̀ mi. Ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ tí ẹ sì fojú rí ni kí ẹ kọ. Ẹ yan èdè méjì tó jìnnà síra, bíi Python àti Go. Python àti Ruby jọra jù láti kọ́ yín ní ohun púpọ̀.

Tí kò bá sí dátà láti gba ohunkóhun, ẹ ṣí Chrome lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, ẹ tẹ F12, ẹ lọ síbi Console. JavaScript ti wà níbẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Ẹ tẹ "Ọ̀fà".length, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ orúkọ ìlú tiyín, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀.